Obìnrin Tí Kò Kú Nígbẹ̀yìn Fíìmù

Òórùn ẹ̀rọ tó ti gbóná jù ni mo fi ń rántí ọdún náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni, iṣẹ́ kò sí, mo bá gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí yunifásítì tó wà ní Ìwó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da fíìmù àti orin sórí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju ibi tí a lè na ẹní kan sí lọ. Jẹnẹrétọ̀ a máa ké lẹ́yìn ògiri, èmi a sì jókòó sí àárín wáyà bí ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú sinimá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè fíìmù kan, màá kọ́kọ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin kí n tó dá a lóhùn. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Olùkọ́ àgbà kan láti yunifásítì náà ló gbé fíìmù àtijọ́ wọ ayé mi. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré kan wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó ti ń kú lọ, kí n bá àwọn kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí òmíràn. Fíìmù Họ́líwúùdù ló kún inú rẹ̀, àwọn tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ, tí ohùn wọn ń dún bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Mo rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó gbé òfin lé fíìmù lórí lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ṣe àwọn wọ̀nyí. Nígbà tí òfin dé, ẹni tó bá ti ṣe ohun tí àwùjọ kò fẹ́ gbọ́dọ̀ jìyà kí fíìmù tó parí. Obìnrin tó bá fi ọkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kábàámọ̀."

Mo ní, "Ó jọ fíìmù tiwa nìyẹn, sà."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní kí n da ẹ̀dà kan kọ fún ara mi. Láàárín oṣù kan, orí mi ti yí. Mo wo àwọn fíìmù náà bí ẹni tí ebi ń pa. Mo rí ọmọbìnrin tó ń wáṣẹ́ kiri tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì fẹ́ kó kọ́kọ́ wá bá òun jẹun. Mo rí àwọn ọkùnrin tó wà lórí ìlà oúnjẹ ọ̀fẹ́, fìlà lọ́wọ́, tójú ń tì wọ́n. Mo rí olè tó wọ kóòtù olóyè, gbogbo ìlú sì ń kí i. Kò sí èyí tí n kò mọ nínú wọn. Ojú pópó wa ni wọ́n wà. Mo tilẹ̀ fi abẹ fá irun òkè ojú mi tín-ín-rín bíi ti àwọn obìnrin inú fíìmù náà. Nígbà tí ìyá wa rí mi, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n béèrè bóyá ibà ni.

Lásìkò òjò ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn, ẹrù lọ́wọ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra rẹ̀ tẹ́ láàárọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé tó ń pariwo, ṣé òun kì í ṣe ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò.

Àdúgbò àtijọ́ ni ilé wa wà ní Ìwó. Alfa ni bàbá wa, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá wa sì ń tàṣọ lọ́jà. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n padà sídìí àwọn ọmọ kéwú wọn. Ìyá ni kò dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Kó fẹ́ obìnrin náà tó bá fẹ́ ẹ. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fẹ́yàwó lé lórí."

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Bó bá fẹ́ ẹ, ẹnu mi ò ní gùn, ìyá mi. Ẹ̀sìn gbà á láàyè. Kò fẹ́ ẹ, kò sì ní fẹ́ ẹ. Ó kàn fẹ́ kí n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi ò rí tèmi nílé ọkọ?" Ohùn ìyá wa lọ sílẹ̀. "Mo ṣe bí ẹni tí kò rí ni."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá wa rí, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń rù. Ní àdúgbò, dálémosú ni wọ́n ń pè é bó bá ti kọjá. Kò jáde mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. A tẹ́ ọmọ sórí ẹní, mo tan fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ti fò lórí mi báyìí, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ti ń lọ, nítorí òyìnbó inú rẹ̀ yára jù.

Obìnrin inú fíìmù náà bá ọkọ rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó bá a. Ó jáde nílé. Ó gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà obìnrin, ó gba yàrá kan, ó ń jó nígbà tó bá wù ú, ẹnìkan tilẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ìgbà wo ló máa kú?"

Mo ní, "Kò kú."

"Á ya wèrè nígbà náà."

"Kò ya wèrè."

Kò gbà mí gbọ́. Ó fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ, ó ń dúró de ìyà. Bí mọ́tò bá ti yọ nínú fíìmù, á ní, "Ó dé." Bí obìnrin náà bá wúkọ́, á wò mí. Ọkọ padà wá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ó bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun kò bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó ń to fìlà. Fíìmù parí.

"Ó parí?" Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò rò. "Obìnrin dúdú tó ń gbé àwo oúnjẹ wọlé fún un nígbà tó wà nílé ọkọ, ta ni? Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń lọ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kó jáde."

Èmi tí mo ti wo fíìmù yẹn léraléra, n kò rí obìnrin náà rí. Mo rí àwo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi òmíràn hàn án, tí òṣèré kan náà ṣe lẹ́yìn tí òfin ti dé. Ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ọkọ oníṣekúṣe, obìnrin tó jáde. Ṣùgbọ́n nínú èyí, àìsàn kọ lu obìnrin náà, ó rákò padà wá tọrọ àforíjì, ó sì kú sọ́wọ́ ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. "Àìsàn kọ́ ló pa á," ló wí. "Àwọn tó ṣòfin ni."

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ló ń gbẹnu sọ fún wọn.

Ó ní, "Alfa, ẹ ṣàánú wa. Ọmọ yín kì í ṣe olórí kunkun tẹ́lẹ̀. A gbọ́ pé fíìmù òyìnbó ni àbúrò rẹ̀ fi ń dà á lórí rú."

Bàbá pè mí. Mo kúnlẹ̀. "Kí ló wà nínú fíìmù náà?"

Mo sọ ìtàn náà. Nígbà tí mo dé ibi ijó àti ìfẹnukonu, ó ṣe mí bíi kí n fò ó. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá gé e, èmi náà ti ṣòfin nìyẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn àlejò pòṣé. Bàbá kò pòṣé. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé nítorí fíìmù yìí ni o kò ṣe fẹ́ padà?"

"Rárá, bàbá. Kí n tó wo fíìmù ni mo ti di ẹrù mi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó di ẹrù tirẹ̀, tí kò sì kú."

Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá wa wò ó nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ijó yẹn, n kò fọwọ́ sí i. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí mo ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún obìnrin lọ́nà láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, n kò lè gbé ọ̀nà náà pa mọ́ fún ọmọ tèmi. Ọmọ ni mo fún yín, n kò ta ẹrú. Ẹ máa gba sàdáákì tí ẹ fi gbé e níyàwó padà."

Bó ṣe parí nìyẹn. Ìyá wa kò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí n fi fíìmù ọ̀hún han àwọn. Wọ́n wò ó tán, wọ́n tún ìborùn wọn wé. "Àwọn òyìnbó náà ń jìyà," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi lo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé láti mọ ààrò, nítorí ó ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì kó tó lọ sílé ọkọ.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ le bí bíríkì. Èkejì jó. Nígbà tó wá dára tán, àwọn kan ní Ìwó kò fẹ́ ra búrẹ́dì dálémosú. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn jiyàn. Ó ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Olúpọ̀nnà àti Kuta, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ju pé búrẹ́dì rẹ̀ rọ̀. Òjò a pa á, oòrùn a pa á, á tún lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí àwọn ará Kuta bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà á ní Ìwó, àwọn ará Ìwó náà rántí pé búrẹ́dì ń wu àwọn jẹ. Lónìí, àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ kún ẹ̀yìnkùlé náà. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ń wá wo ọmọ rẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn dáadáa.

Irun òkè ojú mi ti hù padà tipẹ́, fíìmù sì ti pọ̀ lórí fóònù ju ohun tí ọjọ́ ayé èèyàn lè gbà lọ. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ báyìí máa ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wo fíìmù tí àwọn tó ṣe é ti kú tán. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn fíìmù náà kò pé. Obìnrin tó ń gbé àwo yẹn, a kò tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀ dòní, ẹ̀dùn ọkàn ló sì jẹ́ fún mi. Mo ti wo àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin náà, mo sì mọ̀ pé wọ́n dára. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti mọ bí ayé ẹni ṣe gbọ́dọ̀ parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wo èèyàn tó dúró sí oríta, tí kò sẹ́ni tó tíì pinnu fún un, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tó wá gbé ẹsẹ̀, àwọn ti àtijọ́ ni mò ń lọ bá.