Ẹni Tó Ru Ọpọ́n Ìwẹ̀ Ọ̀gá Ṣọ́jà

Ọmọ ọmọ mi, bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ìwé kan wà nínú àpótí mi. Ní Ọ̀fà níbí ni wọ́n ti kọ ọ́, nígbà tí ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kà á fún mi títí ó fi há sí mi lórí. Ìtàn òyìnbó kan ni, ọ̀gá ṣọ́jà ayé àtijọ́ tó kógun gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ìlú tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ bàbá rẹ̀, àwọn ilẹ̀ tó ti jagun, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi sí i láyà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àní orúkọ ẹṣin rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi ni aláàárù òyìnbó náà. Ọpọ́n ìwẹ̀ onírin tí ọ̀gá fi ń wẹ̀ ni wọ́n gbé rù ú, láti odò dé odò. Nígbà tí mo ṣe ìyàwó wọlé yìí, bàbá ṣì wà láyé. Èmi ni mo máa ń fi òrí pa ọrùn wọn, torí ọrùn náà ò yí sápá òsì mọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ibà mú ọ̀gá débi pé aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi ni ènìyàn mẹ́rin fi ń gbé e. Ìwé ní ṣe ló ń fẹsẹ̀ rìn níwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, tíṣà tó kọ ìwé náà wá bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi àti ìyá ọkọ mi ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí bàbá sọ fún mi, ó ń kọ, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló béèrè orúkọ bàbá.

Mo wo ìyá ọkọ mi, àwọn náà wò mí. Ìyàwó ilé ni àwa méjèèjì, ìyàwó kì í sì í dárúkọ bàbá ọkọ. Orúkọ tí àwa ìyàwó fi ń pè wọ́n, Bàbá Ṣọ́jà, ni mo sọ.

"Màmá, ìyẹn kọ́," ni tíṣà wí. "Orúkọ àbísọ wọn ni mo ń béèrè."

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ìyàwó tìẹ máa ń pe bàbá ẹ lórúkọ ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó padà wá ní Sátidé, tí ọkọ mi tí í ṣe ọmọ ilé máa ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé ń kánjú, ṣùgbọ́n òun á wá. Kò wá. Nígbà tí ọkọ mi dé, wọ́n ní tíṣà mọ̀nà ilé wa, àwọn ò ní í lé e kiri. Èmi náà jókòó tẹtẹrẹ.

Ohun tí ìwé sọ ni pé aláàárù kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi kà á tán, wọ́n rọra pa á dé.

"Ìwọ lo jókòó níbẹ̀ nígbà tí tíṣà béèrè," ni wọ́n wí fún mi.

Wọn ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i lójú wọn.

Lánàá, ìwọ náà béèrè orúkọ yẹn. Bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Ṣọ́jà nìkan lòun náà gbọ́ dàgbà, kò sì bi bàbá tirẹ̀ rí. Ó ku èmi nìkan tó mọ̀ ọ́n. Mo dárúkọ bàbá, o sì fi báírò kọ ọ́ sí etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin. Má kọ ọ́ síbí. Inú ìwé yẹn ni wọn ò kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni kó wà.

Mo retí kí ẹnìkan bá mi wí. Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ nílé tó lè bá mi wí. Nínú àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹṣin ṣì ni ó lórúkọ.