Oúnjẹ Tí Mo Gbàgbé Sínú Kéèjì Eku

Ọ̀gá mi kì í sábà rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú yàrá ìwádìí wa ní Ìkọ̀lé la wà, a tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Eku mẹ́rin tí kókó jẹjẹrẹ wà lára wọn la ti ń fún ní oògùn tuntun kan. A wá gún wọn lábẹ́rẹ́ ṣúgà tí a pò mọ́ aró tó ń tàn, a fi wọ́n sínú àpótí dúdú, kámẹ́rà sì ya àwòrán wọn. Jẹjẹrẹ a máa jẹ ṣúgà gan-an, ibi tó bá wà ló ń tàn jù. Bí oògùn bá kápá rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á wálẹ̀ kí kókó tó súnkì. Ìmọ́lẹ̀ tàwọn mẹ́rin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

"Ó ṣiṣẹ́!" ni ọ̀gá mi wí. Ó mú fóònù kó lè sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Èmi lọ dá àwọn eku padà. Ìgbà yẹn ni mo rí oúnjẹ nínú kéèjì wọn. Ó yẹ kí n ti kó o kúrò ní kùtùkùtù, àmọ́ ìyá mi pè mí láti Ìlúpéjú, mo sì gbàgbé. Bí eku bá ti yó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà aláró ráyè wọ inú kókó. Ó lè jẹ́ oúnjẹ ló pa ìmọ́lẹ̀ náà, kì í ṣe oògùn.

Mo bu oúnjẹ náà sínú ọ̀rá, mo fẹ́ lọ dà á nù. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo wá rántí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí jẹjẹrẹ mú lọ́mú, tó máa ń bi mí pé, "Ọmọ mi, oògùn yín ńkọ́?"

Mo gbé ọ̀rá náà tọ ọ̀gá mi lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì pè wọ́n."

Ó wo ọ̀rá, ó wò mí. "Wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹun, mà. Èmi ni mo gbàgbé."

Kò pariwo. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo máa tún un ṣe," ló wí. "Màá dúró tì ọ́."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ yọjú wo kéèjì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwòrán jáde, kókó ara eku méjì ń tàn yòò bí ẹni pé wọn ò gba oògùn kankan. Tàwọn méjì yòókù ṣókùnkùn.

Ọ̀gá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: oògùn ran méjì, kò ran méjì. Ó wá fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. "Jókòó," ó ní. "Kí lo rò pé ó fa ìyàtọ̀ yìí?"