Àwọn Tó Fi Orin Tún Elevator Wa Ṣe, Àwa La Lé Wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé wa ní Weston, lókè òkun níbí, torí tí mo bá gbé e mì, inú mi á bẹ́!

Elevator ilé wa bàjẹ́ nígbà òtútù. Òkè pátápátá ni mo ń gbé. Màá ti shift dé, màá gbé ẹrù oúnjẹ, màá máa gun àtẹ̀gùn títí dókè. A pe lánlọ́ọ̀dù títí, kò dá wa lóhùn. Ta ló fẹ́ gbọ́ tiwa?

Shirin ló gbà wá. Ará Bangladesh ni, ẹnu ọ̀nà wa kọjú síra. Nígbà tó wà ní Dhaka, òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ kọrin níwájú ilé iṣẹ́ aránṣọ, kí ọ̀gá ibẹ̀ lè san owó àwọn òṣìṣẹ́. Níbí, inú party room ìsàlẹ̀, yàrá tí gbogbo ilé jọ ń lò, lòun àtàwọn obìnrin Bengali ilé wa ti máa ń kọrin ní Sátidé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní lobby, ẹnu àbáwọlé ilé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó ti harmonium wọn, dùùrù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí. Shirin fúnra rẹ̀ ló kọ orin náà. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ìyá àgbà kan ló ń bi lánlọ́ọ̀dù pé ṣé òkè lòun á wà títí òun á fi kú. Háà! Omi bọ́ lójú mi. Àwọn èèyàn ń ya fídíò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n tún elevator ṣe!

Ẹ wá gbọ́ o. Office ilé gba party room lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ayálégbé kan fẹjọ́ sùn pé orin wọn ti ń pariwo jù. Mo lọ bi wọ́n pé àwọn wo? Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó ní ṣebí èèyàn mi ló fẹjọ́ sùn, ó sì dárúkọ ẹni náà.

Èèyàn tèmi kẹ̀! Uncle Délé mà ni, olórí fellowship wa nínú ilé yìí. Àwa tá a ń fi speaker ńlá gbàdúrà! Mo ní kí Uncle sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní lobby. Uncle ò tiẹ̀ jiyàn. Wọ́n ní àwọn obìnrin yẹn ń jókòó sílẹ̀ bí alágbe, wọ́n fẹ́ ba gbogbo àwa àjèjì lórúkọ jẹ́. Wọ́n ní fellowship náà kúkú ń wá ibi tí á máa lò ní Sátidé.

Mo ní, "Uncle, elevator tó gbé yín wá sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

Uncle ní ṣé mo fẹ́ rí àwọn fín ni. Mo sì rí wọn fín o! Lójú gbogbo fellowship ni mo ti tún un sọ. Kò sẹ́ni tó gbè mí lẹ́yìn. Arábìnrin kan tiẹ̀ ní Ọlọ́run ló fún wa ní room. Ọlọ́run wo?

Mo lọ bẹ Shirin, ojú ń tì mí. Ó gbé tíì fún mi, ó ní kò ya òun lẹ́nu. Ní Dhaka, kì í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ní kí àwọn panu mọ́, àwọn ará àdúgbò ni.

Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà ti fi orin sílẹ̀ báyìí, ọkọ wọn ní ó tó gẹ́ẹ́. Pálọ̀ Shirin làwọn tó kù ti ń kọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kẹ́nikẹ́ni má baà tún fẹjọ́ wọn sùn. Ilẹ̀kùn wa kọjú síra, mi ò sì gbọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ká yéé bá ẹni tó ń fìyà jẹ wá pa ẹni tó ń gbèjà wa lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti gbẹnu sọ fún yín rí, táwọn èèyàn yín wá kẹ̀yìn sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ tiyín náà!