Ìlú Tí Ẹ̀gbọ́n Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Owó ife kọfí kan tí ọmọ-ọmọ mi ń rà ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Evanston, mo fi ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Chicago. Ẹ má rò pé àsọdùn àgbà ni. Búrẹ́dì kò wọ́n, ẹyin kò wọ́n, ọrùn adìẹ ni a sì ń rà, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá wa dù ú. Owó ilé ìwé nìkan ni kò rọrùn nígbà náà, kò sì rọrùn títí di òní. Oríṣi méjì ni yunifásítì ìjọba ń gbà: èyí tó kéré lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀, èyí tó ga fíofío lọ́wọ́ àlejò. Ta ni ọmọ ìpínlẹ̀, ta ni àlejò? Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí, ó sì ti sú mi.

Mo rántí yàrá méjì tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé ní apá gúúsù ìlú. Ẹ̀gbọ́n ni àgbà wa, ọmọ Ìwó, tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹnì kejì ń kọ́ nípa oògùn, a sì ti ń pè é ní Apòògùn kó tó mọ oògùn kankan. Ẹ̀kọ́ òṣèlú ni èmi ń kọ́, ìyẹn ni pé mo ní èsì fún gbogbo ọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ẹ̀gbọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Yóò kí bàbá, yóò kí àwọn ìyá, yóò wá kí gbogbo agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìwé ti kún.

Ó ku ọdún kan péré kó jáde nígbà tí owó tó ń ti ilé wá dáwọ́ dúró. Bàbá rẹ̀ ní owó náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì tí yóò bá a sọ ọ́ di dọ́là kò dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, àkókò físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti di ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, bẹ́ẹ̀ ó ti lo ọdún márùn-ún ní Chicago.

Obìnrin adúláwọ̀ kan, ọmọ Amẹ́ríkà, ló wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pinnu iye tí kálukú máa san. Orí rẹ̀ ti ń funfun, okùn ni ó fi so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Òfin kò tíì le nígbà náà bó ṣe le lónìí. Ó ní bí Ẹ̀gbọ́n bá ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibí ni ilé òun, òun yóò kà á mọ́ ọmọ ìpínlẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Ìlà kẹta nínú fọ́ọ̀mù béèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ agboolé bàbá rẹ̀, ó sì kọ Ìwó sí i.

Obìnrin náà wò ó, ó fà á ya, ó fún un ní òmíràn.

“Níbo lo sùn lánàá?”

“Níbí ni, mà.”

“Níbo lo ti ń ra ọṣẹ?”

“Níbí náà ni.”

“Kọ ibẹ̀, ọmọ mi.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀. “Ṣé o gbọ́ ohun tó ní kí n kọ? Bàbá mi ò tíì kú o.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Nínú wa, ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí kò sùn ní Ìwó rí, Ìwó ni yóò dárúkọ bí wọ́n bá bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà. Ta ni yóò wá dárúkọ yàrá tó háyà? Síbẹ̀, èmi ló yẹ kí n bá a sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé méjì lórí bí òyìnbó ṣe ń gba ìlú mọ́ onílùú lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ ọ́. Tí ẹ bá kọ ibòmíràn, ẹ ti fọwọ́ ara yín ta Ìwó nìyẹn.”

Ó kọ Ìwó lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó lu òǹtẹ̀ àlejò lé e. A gbórí sókè jáde bí ẹni tó ja àjàṣẹ́gun. Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n kò rí owó àlejò san. Takisí ló fi ọgbọ̀n ọdún wà. Ó rí ìwé ìgbélùú gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò padà sí kíláàsì mọ́. Rúlà tó fi ń ṣe ìṣirò wà nínú àpótí iwájú mọ́tò rẹ̀ títí ó fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Kò dá mi lẹ́bi rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ pé, “Ìwọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dùn jù.”

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tí àwa àgbà máa ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún ṣẹ́ yọ. Òfin wà ní ìpínlẹ̀ wa pé ọmọ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà níbí, tó sì jáde níbẹ̀, lè san owó ọmọ ìpínlẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìwé. Àwọn kan fẹ́ kí kóòtù wọ́gi lé e. Apòògùn, tó ń gbé Plainfield nínú ilé tí ilé ìyàgbẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ, ní, “Kí àwọn ọmọ yẹn san owó àlejò jàre. Àwa san tiwa.”

Ó ń sọ ọ́ lójú ọmọbìnrin tó ń pín omi fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá, ìyá tó ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní ìwé.

“Ìwọ san owó àlejò?” ni mo bi Apòògùn. “Sọ fún wọn, kí lo kọ sí ìlà kẹta?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àdírẹ́ẹ̀sì ilé wa ni mo kọ. Ṣé kí n kọ ààfin Olúwòó ni?”

Iwájú obìnrin yẹn kan náà ló lọ, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú wa. Kò sọ fún wa. Ọjọ́ ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

“Ìyẹn yàtọ̀,” ó ní. “Mo ń gbé ibẹ̀.”

“Ọmọ yìí ńkọ́? Orí igi ló ń gbé?”

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í léèrè ohun tí òun kọ sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

“Hazel Crest tí a ń gbé ni, Grandpa. Níbo ni mo tún fẹ́ kọ?” Ó wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá. Ohun tí bíró kọ̀ láti kọ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí kọ ọ́ láì ronú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan sì wà tó ń sọ fún un pé irọ́ ló pa.

Obìnrin ọ́fíìsì yẹn á ti kú báyìí. Bàbá Ẹ̀gbọ́n kú ní ọdún kejì lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà, ọmọ rẹ̀ kò sì lè lọ sin ín, nítorí tó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Apòògùn wà láyé, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Yóò pè mí lọ́la láti bá mi jà. Èmi náà wà. Ẹ̀gbọ́n kú ní ọyẹ́ èṣí. A kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́, nítorí náà ìtòsí Hazel Crest níbí la sin ín sí ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù níbẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà. Mo di bíró mú títí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ Ìwó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó fà á ya.