Ẹrù tí Kò Kan Ilẹ̀

Láti Ìlá títí dé Ọ̀tan, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣubú bí èmi. Mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ. Pírámárì kẹta ni mo dé tí mo fi sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ pe àwọn tó kàwé já, kí wọ́n jábọ́ láti orí tábìlì tó ga dé àyà ọkùnrin, kí wọ́n sì fi ìdí balẹ̀ bí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ. Káfíńtà kan ní Ìgbájọ ló kan tábìlì náà fún mi. Èmi fúnra mi ni mo wọn gíga rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ni mo máa ń dì í mọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, síbi ìkórè, síbi ìparí ọdún ilé ìwé. Ní Ire, alàgbà ìjọ kan rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi bọ́ sínú igbá ọrẹ. Èmi ni mo ṣe é.

Ìyàwó mi máa ń sọ pé ìdí mi kò mọ àga. Òótọ́ ni. Ojú ọ̀nà ni mo máa ń wà ṣáá.

Nígbà tí àwọn agbébọn lé àwọn ará oko kúrò lábúlé wọn, Ìlá ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá. Wọ́n kó àwọn kan sínú ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà ilé wa, torí pé ìgbà ọlidé ni. Ọ̀gá ilé ìwé náà wá bá mi pé àwọn ọmọ wọn kì í ṣeré, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n máa ń jókòó sí, kí n wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe, kí n má sáà fẹnu kan ọ̀rọ̀ sísá. Mo ní ìwé lòun mọ̀, èmi ni mo mọ ẹ̀rín. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Eré sísá gan-an ni mo máa ṣe.

Mo gbé tábìlì sí àárín kíláàsì. Mo di ọkùnrin tó gbọ́ ìró ìbọn tó fẹ́ kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi o, ọwọ́ lásán ni mo fi ń kó o. Mo ká ẹní. Mo gbé ìkòkò. Mo lé adìẹ tó kọ̀ láti lọ. Mo wá yọ ilẹ̀kùn pàápàá, kí olè má baà rí ohun tó máa ṣí. Ibẹ̀ ni ọmọ àkọ́kọ́ ti rẹ́rìn-ín. Mo gbé gbogbo rẹ̀ karí, mo gun tábìlì, mo jábọ́, ẹrù ṣì wà lórí. Mo wá ń bẹ wọ́n kí wọ́n sọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti na ọwọ́, mo ti ta gẹ̀ẹ́rẹ́ gba ibòmíràn lọ. Ariwo àwọn ọmọ náà gba òrùlé. Orí mi wú.

Ìyá àgbà kan wà tó jókòó sídìí kọ́bọ́ọ̀dù tíṣà, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Òun ló fọhùn.

“Ta ló gbé e rù ọ́?”

Mo ní èmi ni mo dá gbé e, màmá.

“Irọ́ ni. Ẹrù tó tó báyẹn, ènìyàn kì í dá gbé e ru ara rẹ̀. Ìwọ ò sá rí.”

Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe irú tí mo ń tà, ó dùn mí. Mo foríbalẹ̀ bí aláwàdà, mo ní kí màmá wá kọ́ mi nígbà náà. Mo rò pé ojú máa tì í ni.

Ó dìde. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí, ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré yí kíláàsì ká. Ọwọ́ kan di ẹrù mú, ìkejì ń la koríko. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Mo wá rí i pé kò wẹ̀yìn rí. Ẹrù orí kì í jẹ́ kí ọrùn yí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ló sáré padà dé, ó yẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń ti ẹrù sórí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo gbójú sókè. Ẹrù gidi wà lókè níbẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ dì, òṣùká lábẹ́ rẹ̀.

“Bàbá wọn ló gbé e rù mí. Ó ní kí n máa lọ, òun fẹ́ tú ewúrẹ́ sílẹ̀, òun á bá mi lọ́nà, òun á sì sọ̀ mí. Kò tíì dé. Bí mo bá jẹ́ kó kan ilẹ̀, èmi ni mo sọ pé kò ní í dé mọ́ yẹn.”

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ti wà lókè. Ọ̀gá ilé ìwé ṣàlàyé fún mi níta pé ilé ìwé ń wọlé ní Mọ́ńdè. Wọ́n ti rí yàrá fún gbogbo wọn, ìyá yìí nìkan ló kọ̀, nítorí kò sí nǹkan nínú yàrá tirẹ̀ tó ga tó orí. Ó ní bóyá káwọn gbé e sọ̀ nígbà tó bá lọ wẹ̀. Mo ní ẹ má dán an wò.

Ara mi kò balẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tan, n kò ní ìdí kankan tí mo fi lọ, mo padà, mo tún kọjá lọ sí Ire. Ohùn rẹ̀ kò kúrò létí mi: ta ló gbé e rù ọ́?

Ní Sátidé, mo gbé tábìlì mi lọ sí yàrá náà. Wọ́n mú ìyá wá. Tábìlì dé etí rẹ̀. Bó bá tẹ orúnkún, ẹrù á yọ́ bọ́ sórí tábìlì. Kò dúpẹ́. Ó fọwọ́ tì í.

“Ó ń mì,” ló wí.

Mo fi igi há ẹsẹ̀ tábìlì.

A padà sí kíláàsì. Ó fa ẹrù láti orí kọ́bọ́ọ̀dù sórí ara rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n sáà máa bọ̀ lẹ́yìn òun. A gba ojú títì.

“Ṣé o wà lẹ́yìn?”

“Mo wà, màmá.”

A rìn díẹ̀, ó tún bi mí. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ iye ìgbà tó bi mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn. Ó wọlé, ó tẹ orúnkún, ó ti ẹrù sórí tábìlì mi. Kò kan ilẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń jábọ́ báyìí. Àwọn ènìyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ga tó. Ìyàwó mi ń bi mí pé ìgbà wo ni tábìlì ń bọ̀ wálé. Mo ní ọjọ́ tí bàbá bá dé tó bá sọ ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ọ̀kadà gba ibẹ̀ kọjá, mo ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹrù ṣì wà lórí tábìlì. Ìyá á gbọ́ ìró ọ̀kadà, á bi mí láti inú ilé bóyá èmi ni. Mo máa ń ní èmi ni.