Ọwọ́ Ta Ló Ń Gbọ̀n?

Òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ṣàngó ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó dà pọ̀ mọ́ òórùn gírísì débi pé ebi ń pa mí, síbẹ̀ mi ò lè jẹ nǹkan kan. Bóyá ẹ̀rù ló fà á. O mọ̀ mí, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù, pàápàá lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mi ò tíì ríṣẹ́.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó ẹrù láti àwọn ilé iṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn. Nítorí kòtò tó wà lọ́nà Oju Ore, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa ha ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a gúnlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi rò pé ara rẹ̀ ni kò tíì le.

"Dádì, ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà," ni ìyá mi wí.

"Ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Èmi kọ́!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀pù tíì mú, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Ó dùn mí wọ inú eegun. Mo ní kó jẹ́ kí n wa ọkọ̀ náà gbé òun lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ṣàngó, àmọ́ bí mo ṣe di sítíárìn mú, ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n, mi ò wá mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́ mọ́.

Ará Òṣogbo ni mẹkáníìkì náà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní táyà ni. Ó pààrọ̀ ti iwájú sẹ́yìn, a gbé ọkọ̀ náà jáde, ó ṣì ń gbọ̀n. Ó wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tọmọ-tòbí lẹ ń gbọ̀n! Ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n la ẹnu. Mo ní lójú ọ̀nà tó dán, kò sí wàhálà, àmọ́ bí táyà kan bá ti bọ́ sí kòtò, sítíárìn á ta, á sì máa gbọ̀n títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo ní bí mo bá yà níbi kọ́nà tí mo sì dẹ ọwọ́, kì í dá padà, èmi ni mo gbọ́dọ̀ fà á padà, bí ẹni tó gbọ́ ìpè ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dáhùn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù, mo fẹ́ máa bẹ mẹkáníìkì náà pé kó má bínú, ló bá na ọwọ́ sí mi.

"Dúró ná. Ibi tí kì í dá padà yẹn, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì.

"Áà! Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ síbí."

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè nítorí kòtò lọ́jọ́sí, àwọn ọ̀pá irin tó ń darí táyà, tó yẹ kó tẹ́jú, ti dagẹ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì tún táyà tò kí wọ́n lè kọjú síbì kan náà. Oríkèé ọ̀pá kan ti jẹ, ó ń ta gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ bàbá mi. Mẹkáníìkì ní kí n dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo ṣì ń yí i, torí mo fẹ́ kí bàbá mi mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà, wọ́n rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì tún táyà tò. Bàbá mi ló wà á padà sílé. Ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn Toll Gate, ó dẹ ọwọ́, sítíárìn sì rọra padà fúnra rẹ̀.

Ìyá mi sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé a ò tà mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ kan ni bàbá mi fi mu tíì. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀. Ìyá mi rí i, ó sì bu tíì sí i.

Mo ṣì ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ mi ṣì máa ń gùn. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí bàbá mi nílò rẹ̀ jù lọ, ẹnì kan ní kí n tún un sọ.