Ìgbà tí Ọmọ Mi Ń Gbé Mi Ṣánlẹ̀ ní Pálọ̀

Ní ọdún tí àrùn kòrónà dé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ mi obìnrin, ìjàkadì ló sì ń jà. Kì í ṣe ìjà àdúgbò ni mò ń wí o. Ìjàkadì tí wọ́n ń kọ́ nínú gbọ̀ngàn ni, tí wọ́n ń wọ aṣọ tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara, tí rẹfirí ń fun fèrè sí. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ló ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Jakande, Ìlàsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣa àwọn ọmọ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ni ìjọba bá kéde kónílé-ó-gbélé.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. N kò fẹ́ràn eré yẹn rí. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Èmi ń wo etí ọmọ mi tó ń wú, mò ń wo orúnkún rẹ̀ tó ń bó, mo sì ń bi ara mi pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ti sún ìdíje náà síwájú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tí yóò wáyé, mo sọ lọ́kàn ara mi pé bóyá ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Àwa méjì péré la wà nílé. Iléeṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe iṣẹ́ iná lọ́nà Ìbẹ̀jú ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kan má lọ sílé mọ́, kí wọ́n máa sùn sínú ọgbà, kí iṣẹ́ má baà dúró. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré lábẹ́ ìjọba, wọ́n ní kí n jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. À ń sùn, à ń jí, à ń dín àkàrà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà dákẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, á kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ní kó wá jẹun, á ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì, ebi ò pa mí." Ọmọ tó jẹ́ pé mo máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ pamọ́ kó má baà jẹ ẹ́ tán!

Lọ́jọ́ kan, mo bá a nínú yàrá níbi tó ti ń ki àkísà bọ inú ṣòkòtò bàbá rẹ̀ kan tó ti gbó. Ó fi okùn di ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, ó so ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lókè, ó fi ìrọ̀rí ṣe orí. Ó gbá a mú, ó gbé e yípo, ni ìrọ̀rí bá já bọ́. Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó rí i pé ẹkún ni òun ń sun.

Ó ní, "Mọ́mì, ara mi ti ń gbàgbé."

Mo bi í pé kí ló ń gbàgbé. Ó gbé fóònù, ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Kóòṣì sọ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí Wasáàpù. Ohùn obìnrin náà há, bí ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Ọwọ́ la fi ń mọ ìjàkadì. Ẹni tí ẹ kò bá jọ gbé inú ilé kan náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé, kó bẹ̀ wọ́n. Ìdajì wákàtí lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbàgbé èèyàn."

Ọmọ mi kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò. Ó kàn ń wò mí.

Mo ní, "Èmi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì."

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"Mi ò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ẹ̀yìn yín."

Lọ́jọ́ kejì, a kó àwọn àga pálọ̀ sójú kan, a tẹ́ fóòmù méjì sílẹ̀. Mo so ìró mi le, mo dúró. Ó ní ìró kò ṣeé fi jà. Mo lọ wọ ṣòkòtò eré ìdárayá ọkọ mi, mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Kó tó fọwọ́ kàn mí rárá, ó kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣubú. "Ẹ tẹ àgbọ̀n yín mọ́ àyà. Ẹ má fọwọ́ tilẹ̀, ọwọ́ á yẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ mí síta." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti olùkọ́. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹni tí kì í rántí pa iná ìdáná ni mo mọ̀ ọ́n sí.

Ó wọ abẹ́ apá mi. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀. Mo pariwo, "Yéè!" Mo rò pé ó ti parí fún mi. Àmọ́ nígbà tí mo balẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ orí mi, èkejì sì wà lẹ́yìn ìbàdí mi. Kò sọ̀ mí mọ́lẹ̀. Ó rọra gbé mi lélẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn lọ sórí ibùsùn. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ó ní, "Ṣé ó dùn yín?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé n kò rántí ìgbà tí mo gbá ọmọ yìí mọ́ra kẹ́yìn. Á ti tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, ẹnu nìkan la máa ń fi tọ́ ọ, a ó ti ká ọwọ́ kúrò. Níta, gbogbo ayé ń sá fún ara wọn, èmi sì rèé lórí fóòmù, tí ọmọ mi dì mọ́ mi.

Mo ní, "Tún un ṣe."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ti wà nínú ilé náà láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́ ọ. Wọ́n fi aṣọ funfun bo imú àti ẹnu, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn ni wọ́n nà fi kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, "Ìyáàfin, ṣé kò sí nǹkan? Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ gbì, gbì, tí ẹ sì ń ké. Ọkọ yín sì kúkú wà níbi iṣẹ́. Ta ló ń lù yín?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ mi ni."

"Ọmọ yín ló ń lù yín?"

Ọmọ náà sáré jáde wá ṣàlàyé. Bàbá fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, wọ́n wá bi í pé ẹsẹ̀ wo ló máa ń fi síwájú. Ó ní òsì ni. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń sùn lọ́sàn-án." Láti ọjọ́ náà lọ, bí aago mẹ́rin bá ti kọjá tí wọn ò gbúròó wa, wọ́n á fi ọ̀pá gbá àjà wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa: kó, kó, kó.

Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí àwọn èèyàn máa jáde díẹ̀díẹ̀, Kóòṣì kò fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á síṣẹ́ ti ní kó máa lọ, nítorí kò sí ọmọ tó ń wá. Ọmọ mi wádìí títí ó fi gbọ́ pé ó ń ṣọ́ géètì ní èsíteètì àwọn olówó kan lọ́nà Ajah. Ó ní àfi kí a lọ kí i. A bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, ó dé fìlà, ó ń na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ara ṣe gbóná sí iwájú orí àwọn tó wà nínú mọ́tò.

Bí ọmọ mi ṣe rí i ló sáré síwájú. Kóòṣì na ọwọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀!" Ọmọ náà dúró, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún nínú wọn.

Kóòṣì nu ojú, ó ní, "Dìde. Jẹ́ kí n wo ìdúró rẹ."

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó la ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú.

"Lọ sílẹ̀ sí i. Rárá, ìbàdí ni kó lọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ta lò ń bá ṣe é nílé?"

"Mọ́mì mi ni."

Kóòṣì yíjú sí mi. Ó rẹ́rìn-ín débi pé fìlà fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Mọ́tò ńlá kan ti dé ẹnu géètì, ó ń fọn fèrè. "Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá, mò ń bọ̀!" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, iṣẹ́ tí mo rí nìyí. Àmọ́ mi ò tíì fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un fúnra yín. Ó ń gbọ́ yín."

Ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣí géètì.

Ó tó ọdún méjì kí ìdíje náà tó padà wáyé. Ọmọ mi ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gba orúkọ sílẹ̀ kò le mọ́ ọn rárá, ó wo ìwé ọjọ́-ìbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ó gbìyànjú láàárín àwọn àgbà, ó jà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a lẹ́ẹ̀mejèèjì. Abiyamọ ọlọ́mọ méjì kan fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kí n tó rí ibi jókòó sí. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, mò ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, ó ní kí n bá òun ra bọ̀ọ̀lì. Ó jẹ ẹ́ tán kí a tó délé. Àyà mi ni kò tètè fúyẹ́, nítorí mo rántí pé èmi ni inú mi dùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sún un síwájú.

Nínú àwọn mẹ́rìnlá, mẹ́fà péré ló padà sọ́dọ̀ Kóòṣì nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan ti lọ kọ́ irun ṣíṣe. Bàbá òmíràn jẹ́ bíríkìlà. Nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró, ó kó ìdílé rẹ̀ padà sí Oǹdó. Kóòṣì pe àwa òbí tó kù sábẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá oníyanrìn, ó bi wá bóyá a lè jẹ́ kí àwọn ọmọ tún máa fọwọ́ kan ara wọn.

Ìyá kan ní, "Kí wọ́n tún máa mí sí ara wọn lójú? Ẹni tí mo sin nínú àrùn yìí ti tó."

Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Mo dìde, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo ní, "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Èmi tilẹ̀ kórìíra eré yìí kí àrùn tó dé. Àmọ́ ọmọ mi ti dá mi ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ ní pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lábẹ́ orí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà níta gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó jókòó sílé."

Àwọn mẹ́rin gbà lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn gbà nígbà tó yá. Ìyá tó sọ̀rọ̀ kò gbà títí dòní. Bí a bá pàdé lọ́jà, a máa ń kí ara wa dáadáa.

Títí di ìsinsìnyí, Kóòṣì ṣì ń ṣọ́ géètì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló ń kọ́ wọn lórí iyanrìn. Ọmọ mi ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ó ń kọ́ nípa eré ìdárayá. Bó bá wálé, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. A kò tíì rí gbọ̀ngàn. N kò mọ̀ bóyá a máa rí i, n kò sì mọ ohun tí a máa ṣe bí àrùn mìíràn bá tún dé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó parí. Kóòṣì ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé máa lọ. Kò sí ẹni tó lọ. Wọ́n sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn. Èmi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣa ẹ̀wà.